Ẹ̀pà ń bá ọmọ mi jà, ìyá ọkọ mi sì ń ṣe kulikuli tà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àlàó (Okó-Erin) · Ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí tí n kò fọhùn. Ó ti wá kàn mí báyìí.

Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún mẹ́rin lóṣù tó kọjá. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì, bàbá rẹ̀ ń mu gààrí, ó ṣẹ́ kulikuli bíńtín fún un. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, ètè ọmọ ti wú, ara rẹ̀ lé wúlewùle. A ní kòkòrò ló jẹ ẹ́. A fún un ní Piriton, ó wálẹ̀, a gbàgbé. Ọmọ náà ni kò gbàgbé. Láti ìgbà yẹn, tí o bá fún un lẹ́pà, á tu ú dànù. Èmi ni mo ń bá a wí pé ó ti ń ṣa oúnjẹ jẹ.

Ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹnìkan mú sàárà lọ sí ilé kéwú wọn, dọ̀nkúwà ni wọ́n pín. Àfáà wọn ló pè mí. Kí n tó débẹ̀, ojú ọmọ ti wú pa dé, ó ti bì lẹ́ẹ̀mejì, èémí rẹ̀ ń dún fíì-fíì. Kẹ̀kẹ́ Márúwá la fi gbé e. Nọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ rí wa kò bèèrè káàdì, kò bèèrè owó, abẹ́rẹ́ ló gún un ní ẹ̀gbẹ́ itan. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọmọ fi figbe ta. N kò mọ̀ pé igbe ọmọ lè dùn létí tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá wa dúró di ọjọ́ kejì. Wọ́n ní àlẹ́jì ẹ̀pà ni, pé kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀ mọ́, bó ti wù kó kéré mọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dì sí nìyí. Agboolé la wà. Òróró ẹ̀pà ni ìyá ọkọ mi ń fún, wọ́n sì ń ṣe kulikuli tà ní Ọjà Ọba. Iṣẹ́ tí wọ́n fi tọ́ ọkọ mi nìyẹn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yan ẹ̀pà lẹ́yìn ilé. Màmá kì í ṣe èèyàn búburú rárá, ṣùgbọ́n wọ́n ní, "Ẹ̀pà tí mo fi tọ́ bàbá, ó ṣe wá di májèlé fún ọmọ?" Wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ ni kí a fi mọ́ ọn lára. Ẹ̀rù ń bà mí láti fi ọmọ sílẹ̀ lọ ṣọ́ọ̀bù.

Báwo ni kí n ṣe bá Màmá sọ ọ́ tí kò ní dìjà? Ilé kéwú ńkọ́? Abẹ́rẹ́ yẹn, ṣé èèyàn lè ní in sílé? Mo tún ní ọmọ oṣù márùn-ún lọ́wọ́, ṣé tòun náà máa rí bẹ́ẹ̀ ni?

Ọmọ Olóbì · 8:52 alẹ́

Pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. Ọlọ́hun á wo ọmọ. Ẹ má gbé epo pupa jìnnà. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ fún un ní ṣíbí méjì kó fi bì, kí ẹ sì fi pa á lára. Ohun tí àwọn bàbá wa ń lò nìyẹn kí ọsibítù tó dé.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà · 9:05 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ Olóbì, mi ò fi bú yín, ìyá tó bí mi náà ń fi epo ṣe é. Ṣùgbọ́n ọmọ tí èémí ò já gaara fún, tí ẹ bá da epo sí i lẹ́nu, inú ẹ̀dọ̀fóró ni epo yẹn lè gbà lọ. Epo kì í pa àlẹ́jì. Mílíkì kì í pa á, àgbo kì í pa á. Piriton náà, ti ara tó ń yún ni. Kì í ṣí ọ̀nà ọ̀fun tó dí. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń jókòó ti Piriton, tí wọ́n ń retí pé yóò ṣiṣẹ́, tí àsìkò abẹ́rẹ́ á sì kọjá.

Tó bá jẹ́ pé ara nìkan ló lé, tí ọmọ ń ṣeré rẹ̀ lọ, ẹ lè fún un ní oògùn tó ń pa yíyún, kí ẹ máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti kan èémí, tí ohùn há, tí ahọ́n wú, tí ikọ́ ò dáwọ́ dúró, tí ọmọ rọ jọ̀wọ̀lọ̀, tàbí tí ara lé tó sì tún ń bì, abẹ́rẹ́ adrenaline ló kù. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀. Tó bá jẹ́ èémí ló ń dà á láàmú, ẹ jẹ́ kó jókòó. Ẹ má jẹ́ kó dìde rìn, ẹ má sì gbé e nàró. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ lórí ibùsùn lè dákú bí wọ́n bá ṣe gbé e dìde.

Dídá tí wọ́n dá yín dúró di ọjọ́ kejì dára. Ó lè lọ tán, kó tún padà wá lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, láìjẹ́ pé ọmọ tún jẹ nǹkan kan.

Bàbá Ìbejì (Tanke) · 9:31 alẹ́

Ìyá Àlàó, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ wà yìí ni èmi náà gbà kọjá. Nínú ìbejì mi, Táyé ò ní nǹkan kan, Kẹ́hìndé ni mílíkì ń bá jà. Ọmọ Ìlọrin tí kò lè fẹnu kan wàrà! Tí àwọn ìyá Fúlàní bá ti gbé igbá wàrà wọ àdúgbò, ṣe la ó máa pè é wọlé. Lọ́jọ́ kan ó mu yógọ́ọ̀tì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ la fi mọ́ ọn lára, kéèkì la fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó pé ọdún márùn-ún, ó tán. Lónìí, tí wọ́n bá din wàrà, èmi bàbá rẹ̀ ni mo ń bẹ̀ ẹ́ kó ṣẹ́ kù sílẹ̀ fún mi.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ Màmá. Mo tún kà á pé àwọn òyìnbó ti ń sọ pé kí a tètè máa fún ọmọdé lẹ́pà.

Ìyá Ọlọ́kajú (Òmù-Àrán) · 9:58 alẹ́

Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú, ẹ fẹ́ ṣi ọlọ́mọ lọ́nà. "Díẹ̀díẹ̀ la fi mọ́ ọn lára." Níbo? Nínú ilé yín, àbí níwájú dókítà?

Bàbá Ìbejì (Tanke) · 10:03 alẹ́

Níwájú dókítà ni. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́. A jókòó láti àárọ̀ di ọ̀sán, abẹ́rẹ́ wà nílẹ̀, wọ́n fún un lẹ́yọ bíńtín, wọ́n wò ó, wọ́n tún fún un. Wọ́n sì ti ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó gbà rárá. N kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣe é nílé o.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà · 10:20 alẹ́

Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́, bàbá wa. Ti mílíkì àti ti ẹyin, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń bọ́ nínú rẹ̀ bí wọ́n ti ń dàgbà. Ti ẹ̀pà ò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọmọ márùn-ún, bíi ẹyọ kan ló ń bọ́.

Ohun tí ẹ kà yẹn kì í ṣe irọ́, ti ọmọ mìíràn ni. Ọdún 2015 ni ìwádìí náà jáde ní London. Ọmọ 640 ni, tí wọ́n wà láàárín oṣù 4 sí 11, tí inárun ti bo ara wọn tàbí tí ẹyin ń bá jà. Wọ́n ní kí àwọn kan máa jẹ ẹ̀pà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí àwọn yòókù má fẹnu kàn án títí wọ́n fi pé ọdún márùn-ún. Láàárín àwọn tó ń jẹ ẹ́, àlẹ́jì ẹ̀pà kéré gan-an. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dán awọ ara wọn wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, èyí tí ara rẹ̀ ti ń kọ ẹ̀pà gan-an, wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀. Torí náà Àlàó kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí.

Àbúrò rẹ̀ ló lè kàn. Ìyá Àlàó, ẹ má tìtorí ẹ̀gbọ́n fi ẹ̀pà du àbúrò títí ayé. Tí ẹ bá tún gbé Àlàó padà lọ, ẹ bi dókítà nípa rẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí ó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀pà lílọ̀ tó kúnná ni wọ́n ń pò mọ́ ògì, kì í ṣe hóró. Hóró ẹ̀pà ń há ọmọdé lọ́fun.

Ìyá Ọlọ́kajú (Òmù-Àrán) · Ọjọ́ Ajé, 6:15 àárọ̀

Alẹ́ àná ni mo fẹ́ kọ ọ́, wọ́n mú iná lọ.

Ọmọbìnrin mi pé ọdún mẹ́sàn-án. Kajú ni tirẹ̀, oko kajú ló sì yí wa ká. Ẹni tó bá mọ ìhà ọ̀dọ̀ wa mọ bó ṣe ń rí tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé. Gbogbo ọmọ ń ṣa hóró, wọ́n ń sun ún nínú agolo tó ti lu, èéfín dúdú gba àdúgbò kan. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí ọmọ àbúrò ọkọ mi fún un ní hóró kan tí wọ́n ti sun. Hóró kan péré! Ẹ̀gbọ́n mi tó ní mọ́tò ló gbà wá lọ́jọ́ náà.

Wàhálà tí Màmá ń fún Ìyá Àlàó, mo jẹ ẹ́ fún ọdún kan gbáko. Mo ń sọ "àlẹ́jì, àlẹ́jì", bàbá mi ń wò mí bí ẹni tó ti lọ sí ìlú òyìnbó dé. Lọ́jọ́ kan, inú bí mi, mo ní, "Bàbá, kajú ni èèwọ̀ ọmọ yìí." Ilé dákẹ́. Bàbá mi kì í jẹ òkété. Wọn ò jẹ ẹ́ rí láti kékeré, kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn láéláé pé kí wọ́n fi díẹ̀díẹ̀ mọ́ ara. Láti ọjọ́ náà, àwọn gan-an ni wọ́n ń kìlọ̀ fún àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Àlàó, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa bá Màmá sọ nìyẹn.

Èkejì. Ọmọ wa ò lè máa kọ ọrẹ lọ́wọ́ àgbà, wọ́n á ní a ò kọ́ ọ nílé. Mo kọ́ tèmi kó kúnlẹ̀, kó fọwọ́ méjèèjì gbà á, kó ní "ẹ ṣeun, mà", kó sì gbé e wá bá mi láì tú u. Tó bá gbé e dé, èmi náà á fún un ní nǹkan mìíràn tó dára jù ú lọ. Ó ti mọ̀ pé pàṣípààrọ̀ ló ń bọ̀.

Àfáà Adéta · Ọjọ́ Ajé, 7:40 àárọ̀

As-salaamu alaykum. Ìyá Ọlọ́kajú, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n "èèwọ̀" yẹn kò ní ta nílé kéwú. Tí ẹ bá sọ ọ́ níwájú àwọn àfáà kan tí ẹ̀sìn le lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní ti òrìṣà wo nìyẹn? Ẹlòmíràn á tilẹ̀ fún ọmọ jẹ láti fi hàn pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Èmi náà ń kọ́ ọmọ. Ìyá Àlàó, ẹ jẹ́ kí bàbá ọmọ bá yín lọ, kí ẹ jókòó ti àfáà yẹn, kí ẹ ní àmánà ni ẹ gbé fún wọn. Àfáà tó bá gbọ́ àmánà kò ní fi ṣeré. Ẹ tún rán wọn létí Súrátùl Bákárà, áyà 195, pé kí a má fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun. Wọ́n mọ̀ ọ́n jù yín lọ, àmọ́ ẹ sọ ọ́.

Lọ́dọ̀ tèmi, sàárà kì í dé ọwọ́ ọmọ kí ó tó dé ọwọ́ mi. Ọmọ kan wà tí edé ń bá jà. Ìyá rẹ̀ gbé agolo dàbínò kan fún mi, ó wà lókè àpótí. Ọjọ́ tí sàárà bá ní móínmóín, dàbínò ni tirẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù ń jowú rẹ̀ báyìí.

Lórí pé kí ọmọ fọwọ́ méjèèjì gbà á, mi ò fara mọ́ ọn fún ọmọ ọdún mẹ́rin. Ti ọdún mẹ́sàn-án lè rìn dé ilé. Ti ọdún mẹ́rin á ti fi ọwọ́ nu ẹnu kó tó dé ìta.

Ìyá Ọlọ́kajú (Òmù-Àrán) · 7:52 àárọ̀

Ẹ jàre lórí èyí tó kẹ́yìn, àfáà. Ọdún mẹ́fà ni tèmi nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Àlàó (Okó-Erin) · 1:10 ọ̀sán

Ọlọ́hun á san yín lóore. Èèwọ̀ fún Màmá, àmánà fún àfáà, mo ti mú méjèèjì.

Ìbéèrè mìíràn: òróró tí Màmá ń fún la fi ń din gbogbo nǹkan nílé, àkàrà, dòdò, ẹyin. Látìgbà tí a ti dé láti ọsibítù, epo pupa ni mo fi ń se tirẹ̀. Ṣé mo ń ṣe àṣejù ni? Àti ẹ̀wà, ṣé kò bá ẹ̀pà tan?

Oníyán Sángo · 1:24 ọ̀sán

Àṣejù ni. Òróró ò ní ẹ̀pà nínú mọ́, ẹ̀pà ti kù sínú kulikuli.

Oníkẹ́mísì Fate · 2:30 ọ̀sán

Oníyán, òróró wo? Èyí tí wọ́n sẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá títí tó fi mọ́ gaara, ohun tó ń ṣe ọmọ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kù nínú rẹ̀. Èyí tí a fi ọwọ́ fún nílé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ìgò òróró Màmá kalẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ẹ máa rí yẹn, ẹ̀pà ni. Inú òróró yẹn náà ni wọ́n sì ti ń din kulikuli. Ìyá Àlàó ò ṣe àṣejù kankan.

Ẹ̀wà àti ẹ̀pà bá ara wọn tan lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí ẹ̀pà ń bá jà ló ń jẹ ẹ̀wà láìsí wàhálà. Tó bá ti ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, kó máa jẹ ẹ́ lọ. Àkàrà ìta ni kí ẹ fi sílẹ̀, ẹ ò mọ òróró tí wọ́n fi din ín.

Ibi tí ẹ̀pà ń fara pamọ́ sí ni kí ẹ ṣọ́. Yájì tí wọ́n fi ń pa sùyà, kulikuli lílọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Kílíṣí náà bẹ́ẹ̀. Kúnú mìíràn, ẹ̀pà ni wọ́n fi ṣe é. Tọ́ọ̀mù bíráùn tí wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá láti ṣe fún ọmọ tó rù, ẹ̀pà wà nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú àánú fún un.

Lórí abẹ́rẹ́, èmi kì í ta á fún òbí. Ìgò kékeré kan, 1 mg ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó wọ̀n kílò 15, 0.15 mg ni tirẹ̀. Ìyá tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tó fa gbogbo ìgò náà, ó ti fún ọmọ ní ju ìlọ́po mẹ́fà lọ. Ọsibítù pọ̀ nínú Ìlọrin. Kí wọ́n sáré.

Ọmọ Ìgbómìnà (Ìsánlú-Ìsin) · 3:05 ọ̀sán

"Kí wọ́n sáré." Ìlú ńlá ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Aago mọ́kànlá alẹ́, ojò ń rọ̀, ọ̀kadà kan ṣoṣo tó wà ládùúgbò, olówó rẹ̀ ti sùn. Wá sọ fún mi kí n sáré. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò lè dúró de ọ̀nà wa. Dókítà ló fún wọn ní abẹ́rẹ́ náà, ó kọ́ wọn, ó sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ti lò ó lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ wà láàyè.

Oníkẹ́mísì Fate · 3:20 ọ̀sán

Dókítà ló fún wọn, dókítà ló kọ́ wọn. Ohun tí mo ń sọ nìyẹn. Kì í ṣe pé kí ẹnìkan rìn wọ ṣọ́ọ̀bù mi kó ní òun kà á lórí fóònù.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà · 9:15 alẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé. Ẹ̀yin méjèèjì, kò sí ìjà níbẹ̀.

Abẹ́rẹ́ kan wà tó dà bíi bíírò, tí wọ́n ti wọn oògùn sínú rẹ̀ tán, EpiPen ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́. Ti ọmọdé jẹ́ 0.15 mg, ti àgbà 0.3 mg. Ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ itan ni, kódà lórí aṣọ. Kò wọ́pọ̀ níbí, ẹni tó ní ẹbí lókè òkun ló sábà ń rí i gbà, ó sì máa ń tètè kọjá àkókò, ẹ máa wo déètì ara rẹ̀.

Tí kò bá sí èyí, ìgò kékeré àti síríǹjì ló kù, ohun tí oníkẹ́mísì sì sọ nípa àṣìwọ̀n kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ìyá Àlàó, ẹ lọ bá dókítà ọmọ yín, ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́ ọ. Tí wọ́n bá gbà, kí wọ́n wọn ọmọ, kí wọ́n sọ iye rẹ̀, kí wọ́n fún yín ní síríǹjì 1 ml, kì í ṣe èyí tó tóbi. Ìyá kan tí mo kọ́, kútẹ́ẹ̀sì pupa ni mo fi fa ìlà sí ara síríǹjì rẹ̀, níbi tí oògùn gbọ́dọ̀ dé. Mo ní kó má wo nọ́ńbà, ìlà pupa ni kó wò. Ó fi ìgò omi abẹ́rẹ́ àti ọsàn kọ́ ọ. Ó ṣẹ́ ìgò mẹ́rin, ó fi méjì gé ara rẹ̀ lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni mo kọ́ ọ kó fi òwú di ọrùn ìgò mú kó tó ṣẹ́ ẹ. Ìgbà tó lè ṣe é láìwo ojú mi ni mo jẹ́ kó gbé e lọ. Ẹ̀gbẹ́ itan ni o, inú ẹran ara. Kì í ṣe inú iṣan ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ìdí. Tí kò bá sì rọlẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a máa ń tún un gún, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ní méjì. Tí ẹ bá sì ti gún un, ọsibítù náà ni o. Ẹ má jókòó sílé pé ó ti gbádùn.

Oòrùn Ìlọrin ní oṣù kẹta máa ń ba oògùn yìí jẹ́. Ẹ má gbé e sínú mọ́tò, ẹ má sì gbé e sínú fíríìjì. Tó bá ti pọ́n tàbí tó dà rú, ẹ má lò ó. Ìyá tí mo ń sọ yìí fi tirẹ̀ sínú agolo tó ní ìdérí, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àmù omi níbi tí òòrùn ò dé. Ẹlòmíràn ń lo ìkòkò inú ìkòkò, pẹ̀lú iyanrìn tútù láàárín méjèèjì. Olùkọ́ kan láti Jigawa, Mohammed Bah Abba, ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, ẹ̀bùn Rolex tí wọ́n fún un lọ́dún 2000 tìtorí rẹ̀ ni. Ẹ̀fọ́ àti tòmátì ló ṣe é fún, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí iná ò ti dúró.

Alájà Ìpàtà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:50 àárọ̀

Ọmọ mi, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí, ẹ má wo àṣìkọ.

Onikulikuli ni èmi náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọmọ mi kì í fẹnu kan ẹ̀pà, bíi tìrẹ. Ohun tí àwọn tó ṣáájú mi sọ dára, àmọ́ wọn ò wo ojú ìyá ọkọ rẹ. Tí o bá ń sọ pé ẹ̀pà ń pa ọmọ, ohun tó ń gbọ́ ni pé iṣẹ́ òun ló ń pa ọmọ, àti pé òun ló fẹ́ pa á. Bí ìyàwó ọmọ mi ṣe ṣe sí mi nìyẹn, a ò bára wa sọ̀rọ̀ fún oṣù kan. Má jẹ́ kó ti ẹnu rẹ jáde. Kí ọkọ rẹ gbé ìyá rẹ̀ lọ bá dókítà, kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Èmi débẹ̀, mo bèèrè gbogbo ìbéèrè tó wà níkùn mi, dókítà kékeré yẹn ń dọ̀bálẹ̀ dá mi lóhùn. Mo gbà.

Òórùn ẹ̀pà ò ṣe ọmọ tiwa ní nǹkan. Ìgbà tí a bá ń bó èèpo rẹ̀, tí a ń fẹ́ ẹ, àti ìgbà tí a bá ń gún un, eruku rẹ̀ ni mo ń sá fún. Mo gbé ìyanpà mi lọ sí abẹ́ ọdán lójú ọ̀nà odò. Mo ní ìró kan tí mo fi ń ṣiṣẹ́, kò wọ yàrá. Ọwọ́ mi, ọṣẹ àti omi ni. Ọmọ mi ra jẹ́ẹ̀lì ọwọ́ ìgbà Kòrónà yẹn wá fún mi, nọ́ọ̀sì ní kò ń mú ẹ̀pà kúrò, pé ọṣẹ ni kí n máa lò.

Ìgbà tí mo gbà á gbọ́ pátápátá? Mo ti fọ ọwọ́ tán, mo gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, ikun ń jáde nímú rẹ̀, mo fi etí ìró mi nù ún. Ìró iṣẹ́ ni. Kí n tó gbé e kalẹ̀, ìmú dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wú, ó pupa. N kò tíì fún un jẹ o. Mo kàn nù ún nímú ni.

Bàbá Ìbejì (Tanke) · 7:02 àárọ̀

Alájà, ẹ kú iṣẹ́. Ìyá Àlàó, ọ̀rọ̀ yìí ni kí ẹ mú.

Ìyá Àlàó (Okó-Erin) · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:35 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ní kí n jábọ̀.

Ọkọ mi gbé Màmá lọ sí ọsibítù ní Ọjọ́rú, bí Alájà ṣe wí. Mo fi ara pamọ́ sílé. Wọ́n dé, wọn ò bá mi sọ nǹkan kan, wọ́n wọ yàrá lọ. Ó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ń pe àwọn ọmọ agboolé jọ, wọ́n ní èèwọ̀ ni ẹ̀pà fún Àlàó, ẹni tó bá fún un, òun àti olúwarẹ̀. Ọkọ mi ló sọ ọ̀rọ̀ èèwọ̀ fún wọn lójú ọ̀nà. Dókítà ní àlẹ́jì, wọ́n bi ọmọ wọn pé kí ni Yorùbá rẹ̀.

Àfáà gbà àmánà, wọ́n gbà agolo dàbínò. Lánàá Jímọ̀, máàsà ni wọ́n pín, a ò mọ òróró tí wọ́n fi dín in, wọ́n fún Àlàó ní dàbínò. Ó sunkún o, torí máàsà ló wù ú. Mo mọ̀ pé òun náà máa lọ.

Abẹ́rẹ́, dókítà ní kí a padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti kọ́ ọ, èmi àti ọkọ mi àti Màmá. Màmá ló ní òun náà máa kọ́ ọ. Ọwọ́ wọn ò gbọ̀n rárá, ọwọ́ tó ti ń fún òróró láti ọjọ́ yìí wá.

Ìbéèrè Màmá ló kù, wọ́n ní kí n bi yín: ṣé ẹ̀gúsí náà wà nínú èèwọ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà · 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ṣé ó ti ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀?

Ìyá Àlàó (Okó-Erin) · 5:12 ìrọ̀lẹ́

Ó ń jẹ ẹ́ dáadáa. Ó fẹ́ràn rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà · 5:15 ìrọ̀lẹ́

Kó máa jẹ ẹ́ lọ. Ẹ má kàn gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ tó ń lọ ẹ̀pà.

Ìyá Àlàó (Okó-Erin) · 5:19 ìrọ̀lẹ́

A ò ní gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ. Ọlọ wà lẹ́yìn ilé, òun ni màá máa fi lọ̀ ọ́.

Alájà Ìpàtà · 5:40 ìrọ̀lẹ́

Ọlọ ta ni?

Ìyá Àlàó (Okó-Erin) · 5:41 ìrọ̀lẹ́

Háà. Ọlọ Màmá ni.

Alájà Ìpàtà · 5:44 ìrọ̀lẹ́

Ra tuntun.